Ẹ̀kọ́ Kejì Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́

Lánàá ni ọmọ ọmọ mi ra bàtà rọ́bà fún mi, sílípáàsì lásán tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni. Nígbà tí mo dé Èkó, náírà márùn-ún lè ra irú rẹ̀, kí ènìyàn sì tún gba ṣéńjì. Búrẹ́dì tí odindi ìdílé ń jẹ láàárọ̀ kò ju náírà mẹ́ta lọ. Lónìí, bí náírà mẹ́ta bá bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ mú un?

Mo gbé bàtà náà sí imú. Ọmọ náà ń wò mí.

"Bàbá, kí lẹ ń gbóòórùn lára bàtà?"

Mo ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n nǹkan wà. Àwọn mìíràn ní ọ̀sà nínú ìrántí Èkó tiwọn, àwọn mìíràn ní orin. Òórùn rọ́bà tuntun ni Èkó tèmi, òórùn tó gbóná, tó dùn díẹ̀, tó máa ń tẹ̀ lé mi wọlé, tó sì ń bá mi sùn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, kì í ṣe Kétu tí ọkọ̀ ń ná ní Èkó, bí kò ṣe Kétu àtijọ́ tó wà ní apá Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn Faransé ti ṣèjọba lórí wa. Mo lọ sí yunifásítì ní Kùtọnu, mo sì di olùkọ́. Nígbà tó yá, oṣù ń parí, owó oṣù kò dé. Òmíràn ń parí, òun náà kò dé. Mo kó aṣọ mẹ́ta àti Bíbélì Yorùbá bàbá mi sínú àpò, mo sọ fún màmá mi pé oṣù mẹ́fà péré ni. Mo ti di arúgbó báyìí, oṣù mẹ́fà náà kò tíì parí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Èkó ni pé mo di púrúǹtù láàárín ọjọ́ kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo pátákó tó wà lójú pópó ní Mushin. Èmi tí mo fi èdè Faransé kọ ìwé gígùn kí n tó gba oyè, mo dúró níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọkùnrin. Mo dúró títí ọkùnrin kan fi jáde.

Mo rò pé Yorùbá mi yóò gbà mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ wa ní Yorùbá nílé ìwé. Inú Bíbélì bàbá mi nìkan ni mo ti kọ́ ọ kà, nítorí náà, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó dára níwájú àlejò, bí ẹni pé wọ́n ń ka ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo bi obìnrin kan léèrè ọ̀nà ní ọjọ́ kejì tí mo dé.

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ọ̀nà wo ni ó lọ sí ìhà Ìlúpéjú?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀. "Ìyá Rìsì, ẹ sáré wá o! Wòlíì kan ló ń wá ìhà Ìlúpéjú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀, wọ́n mú mi dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀.

*

Yorùbá mi náà ló wá fún mi ní iṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, mo ń kọjá ní Sùúrùlérè nígbà tí mo gbọ́ orin kan tí màmá mi máa ń kọ bó bá ń gbálẹ̀. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ, mo jókòó lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá jẹ́ àlejò dìde kí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì dìde. Nígbà tí ìsìn parí, ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù dúdú gbá mi léjìká. Òun ni Bàbá Ìjọ, òun náà sì ni máníjà ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bàtà rọ́bà ní Ìlúpéjú.

"Ìwọ, níbo lo ti rí Yorùbá báyìí?"

"Ní Kétu, sà."

"Àwọn ọmọ wa níbí ò lè ka ẹsẹ Bíbélì kan kí wọ́n má kọsẹ̀. Wàá máa ka ẹ̀kọ́ fún wa. Ṣé o níṣẹ́?"

"Rárá, sà."

"Wá bá mi ní Ìlúpéjú lọ́la."

Kò béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi, n kò sì ní. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ni ìjọba ti lé ọ̀pọ̀ àjèjì padà sí ìlú wọn, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹyin. N kò sọ èyí láti bà á lórúkọ jẹ́. Ó fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ó fi bàtà aláwọ tirẹ̀ ta mí lọ́rẹ nígbà Kérésìmesì. Àtẹ́lẹwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ni.

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: èyí tó dákú, èyí tó ń jo, iye ìgbà tí wọ́n tún un ṣe. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó, nítorí náà Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé eléwé púpọ̀ kan, akọ̀wé ọ́fíìsì á sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Ẹtì sínú ìwé ńlá ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ilé wa ni èmi náà ṣe ń ka tèmi. N kò kọ ọjọ́ oṣù. Mo ń kọ "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì nínú Lẹ́ńtì," tàbí "Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde." Akọ̀wé máa ń kígbe pé n ó pa òun.

Sìfáwù ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kẹrin. Ọmọ Mushin ni, ọmọ ọdún méjìlélógún, mùsùlùmí tó ń fi ìborí aláwọ̀ ewé dì mọ́ orí kí irun má bàa kó sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí mo bá kọjá pẹ̀lú ìwé mi, á gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Bọ̀dá Kétu, ẹ̀rọ mi ń ṣàìsàn. Ẹ fi Yorùbá yín kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó lè bà á lẹ́rù."

"Kí ni ó ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n Gàní, ẹ gbọ́? Kí ni ó ṣe é! Bọ̀dá yìí, bí ẹ bá fẹ́ fẹ́yàwó, ṣé báyìí lẹ máa ṣe fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n Gàní tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á dáhùn láti abẹ́ irin: "Fi í sílẹ̀. Obìnrin náà á rò pé áńgẹ́lì ló dé, á gbà kíákíá."

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kì í ṣe àwàdà. Ìlẹ̀kùn irin kan wà lójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró kí ènìyàn lè kó bàtà jáde. Ìlẹ̀kùn ti ẹ̀rọ kẹrin ti bàjẹ́. Wọ́n fi wáyà dè é, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà ní ṣíṣí. Mo kọ ọ́ ní Lẹ́ńtì. Mo tún kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ Imọ̀ Ọ̀pẹ. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn Àjíǹde, mo sì lọ sọ ọ́ fún Bàbá Ìjọ fúnra mi. Ó ní bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró, bàtà kò ní tó fún àwọn oníbàárà, pé kí Sìfáwù ṣe jẹ́jẹ́.

*

Bí mo bá ń rántí ọdún wọ̀nyẹn, mo máa ń rí i bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ odò. Àwọn bàtà ń bọ́ jáde ní pupa, ní búlúù, ní àwọ̀ ewé, wọ́n ń kóra jọ sílẹ̀ bí òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Òjò ń lu páànù. N kò sí ní Kétu, n kò sì tíì dé Èkó. Ààlà tó wà láàárín ilé mi àti ibẹ̀ kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Àwọn baba wa ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ kí òyìnbó tó fi rúlà fa ilà síbẹ̀. Oríkì kan náà, orúkọ kan náà, oúnjẹ kan náà. Síbẹ̀, mo di àjèjì láàárín àwọn ènìyàn tí mo lè bá gbàdúrà láìsí ògbufọ̀. Ọjọ́ mìíràn, bí mo bá dúró níwájú ìjọ tí mo ń kàwé, ó máa ń ṣe mí bíi pé èdè náà nìkan ni ilé, pé ẹnu mi ni ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń bá màmá mi sọ̀rọ̀. N ó ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ awakọ̀ kan, òun á lọ jókòó sí ilé-ìfìwéránṣẹ́ Kétu láti àárọ̀ Sátidé, èmi náà á tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù ní Yaba. Wọ́n ní ohùn wa máa ń gba ìlú òyìnbó kọjá kó tó padà dé Kétu. N ó sọ̀rọ̀, n ó dúró, mo sì máa ń rò ó pé ọ̀rọ̀ mi ń kọjá lórí yìnyín níbì kan.

"Ṣé o ti jẹun?" Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn nígbà gbogbo.

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Kí lo jẹ?"

Owó fóònù ń lọ, a sì ń jíròrò ẹ̀wà.

*

Ọjọ́rú lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì ni ẹ̀rọ kẹrin pa dé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Sìfáwù. N kò ní sọ bí ó ti rí. Ẹ̀gbọ́n Gàní ló dá ẹ̀rọ náà padà, ìka mẹ́ta sì ti lọ. Ó ku àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá.

Dókítà ní bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọwọ́ náà ní kíákíá, kíkẹ̀ yóò bá a, wọn yóò sì gé e láti ọrùn ọwọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ni pé àwọn yóò tọ́jú òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe léṣe, àyàfi bó bá jẹ́ àìbìkítà òun fúnra rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti kọ "àìbìkítà" ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ńlá. Nípa ìlẹ̀kùn irin tí mo kọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ńlá náà, láti Lẹ́ńtì títí dé ọjọ́ yẹn.

Mo lọ kí i. Ó dùbúlẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà lé ìrọ̀rí. Kò sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún sọ.

"Bọ̀dá Kétu, bí wọ́n bá gé e, ọwọ́ wo ni màá fi máa gbé nǹkan fún àgbà? Ṣé ọwọ́ òsì ni màá máa nà sí bàbá mi?"

Mo tún ìrọ̀rí náà ṣe lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀la rẹ̀, Bàbá Ìjọ pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ìwé kékeré tó ò ń kọ yẹn, ibo ló wà?"

"Ó wà nílé, sà."

"Sun ún. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀mí ò bọ́. Ìwọ lo máa ka ìwé ẹ̀rí." Ó na tákàdá kan sí mi. "Ohùn rẹ ni wọ́n fẹ́ràn láti gbọ́."

Mo ka tákàdá náà. Ó ní ọmọbìnrin kan kò bìkítà, ó ní Sátánì fẹ́ lò ó láti ṣe ilé-iṣẹ́ ní ibi, ṣùgbọ́n Olúwa kò gbà.

"Bàbá, ìlẹ̀kùn yẹn—"

"Ará Kétu." Kò pariwo. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. "Igba ènìyàn ló ń jẹun níbí. Bí wọ́n bá ti ibí pa ńkọ́? Àti ìwọ, bí wọ́n bá béèrè ìwé rẹ, kí ni màá sọ?"

Mo gba tákàdá. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Títí dòní, ọpẹ́ yẹn ṣì korò lẹ́nu mi.

Ní Sátidé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣùgbọ́n ìwọ ti rí i. O tún kọ ọ́ sílẹ̀." Ó wá béèrè pé, "Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ mùsùlùmí kan ni, ní Mushin."

"Mo ní ọmọ ta ni. Ṣé ìyá rẹ̀ wà láyé?"

"Ó wà."

"Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"

*

Ẹyẹ idì tí wọ́n fi igi gbẹ́ ló ń gbé ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo bá ti dúró nídìí rẹ̀, ẹnu mi mọ ohun tó máa ṣe: n ó dárúkọ ẹ̀kọ́, n ó kà á, n ó sì ní, "Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ kejì parí sí." Gbólóhùn yẹn ni àmì fún Bàbá Onídùùrù. Etí rẹ̀ ti wúwo, kì í gbọ́ ìwàásù mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ "parí sí," á tẹ dùùrù, gbogbo ìjọ á sì dìde láti kọrin ìyìn.

Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n pe ìdúpẹ́. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ funfun. Wọ́n ti mú ìyá Sìfáwù wá, wọ́n fi í jókòó níwájú. Ó fi ìborí bo orí, ó ń wo fèrèsé aláwọ̀ mèremère bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé. Kò mọ ohun tí a fẹ́ kà lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Mo gbé tákàdá Bàbá Ìjọ lé ẹ̀yìn ẹyẹ idì náà. Ìwé mi wà nínú Bíbélì bàbá mi. N kò sun ún. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ti pinnu láti ilé, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Mo wo ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ti máa ń sín mi jẹ nílé, ó sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Nígbà náà ni mo ṣí ìwé mi.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì nínú Lẹ́ńtì," ni mo kà. "Ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ kẹrin bàjẹ́. Sìfáwù fi tó mi létí. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ṣíṣí, èyí tí kò yẹ."

Wọ́n rò pé ìfáàrà ni.

"Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ Imọ̀ Ọ̀pẹ. Ìlẹ̀kùn náà wà bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fi wáyà dè é. Sìfáwù ní ẹ̀rù ń ba òun."

Mo gbọ́ obìnrin kan lápá òsì tó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Imọ̀ Ọ̀pẹ? Ọ̀sẹ̀ tí òjò bá wa lójú ọ̀nà yẹn?" Wọ́n mọ ọjọ́ náà. Gbogbo wọn ló rántí ibi tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ náà, tí wọ́n ń mi imọ̀ ọ̀pẹ.

"Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde. Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí Sìfáwù ṣe jẹ́jẹ́. Ọjọ́rú lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹ̀rọ kẹrin gé ìka mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún Sìfáwù. Kì í ṣe àìbìkítà rẹ̀."

Ìwé tán níbẹ̀. N kò mọ ohun tí ó kù láti sọ. Bàbá Ìjọ ti dìde dúró, ẹnu rẹ̀ sì ti là. Ìbẹ̀rù mú mi, ẹnu mi sì ṣe ohun tó ti mọ̀ láti máa ṣe nídìí ẹyẹ náà.

"Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ kejì parí sí."

Bàbá Onídùùrù tẹ dùùrù.

Ìjọ dìde. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn kí àwọn fúnra wọn tó mọ ohun tí wọ́n dìde fún. Mo rí i lójú wọn bó ṣe ń yé wọn, láti ìjókòó kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó padà jókòó. Ìyá Sìfáwù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé gbogbo ilé ti dìde nítorí ọmọ òun, òun náà sì dìde.

*

Wọ́n lé mi níṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Mo di ẹrù mi, mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan nínú yàrá mi ní Mushin, mo ń retí àwọn tó máa wá béèrè ìwé lọ́wọ́ mi. Wọn kò wá. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá Bàbá Ìjọ kò rán wọn, tàbí ó rán wọn ni wọ́n kò rí ilé.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn Ìyá Ìjọ rọ́ lọ bá a ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì jókòó láìjẹ láìmu títí ó fi fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Sìfáwù lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n Gàní sọ fún mi pé wọ́n já wáyà, wọ́n fi ìlẹ̀kùn tuntun sí ẹ̀rọ kẹrin. Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé ní Yaba, mo sì gba ìwé ìgbélùú. Bàbá Ìjọ kò kí mi fún ọdún méjì. Lọ́dún kẹta, lọ́jọ́ Ìkórè, ó gbé ìwé ẹ̀kọ́ kejì fún mi láìwo ojú mi. Ó ní, "Má fi kún un o." Èmi àti òun rẹ́rìn-ín.

N kò tíì mọ̀ bóyá ará Èkó ni mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ tí mo ṣíwọ́ jíjẹ́ àlejò.

Mo ń wọ bàtà tuntun mi kiri ilé báyìí, mo ń ka àwọn tó ti lọ àti àwọn tó kù. Bàbá Onídùùrù ti lọ. Wọ́n ní ó kú láìmọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Màmá mi ti lọ, ilé-ìfìwéránṣẹ́ tó ti ń dúró dè mí náà kò sí mọ́. Bàbá Ìjọ ti lọ, èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀. Ìyá Sìfáwù ti lọ. Ẹ̀gbọ́n Gàní wà, ṣùgbọ́n kò dá mi mọ̀ mọ́, àyàfi bí mo bá fi Yorùbá ìgbà náà kí i.

Sìfáwù wà. Ó ti di ìyá àgbà ní Mushin. Gbogbo ọdún Iléyá ló ń gbé ẹran wá fún mi nínú abọ́ tó wúwo, ìyàwó ọmọ rẹ̀ á sì ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e," kò ní gbà. Á kúnlẹ̀ pẹ̀lú bí orúnkún ṣe ń dùn ún tó. Á fi àtàǹpàkò àti ìka kan mú etí abọ́ náà ṣinṣin, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí mi.